Oòrùn Kò Dé Abẹ́ Àpáta: Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ìjẹrà Àpáta ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ àlàyé kan wò tí ó ti pẹ́ nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì àti sáyẹ́ǹsì, èyí tí ó sọ pé ooru ọ̀sán àti òtútù òru ni ó ń bó àpáta ńláńlá bí ẹni bó àlùbọ́sà. Ìmọ̀ físíìsì tí akẹ́kọ̀ọ́ girama ti ní tẹ́lẹ̀, àti ohun tí ojú lè rí lórí àwọn àpáta ilẹ̀ Yorùbá, ni a fi gbé àlàyé náà sórí òṣùwọ̀n. Èrò wa ni pé olùkọ́ tí kò bá fi omi, òṣùwọ̀n àti ojú ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ ìwé wò, orúkọ àpáta ni ó ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe ìmọ̀ nípa àpáta.

Ìfáárà

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa àpáta rọrùn ní ilẹ̀ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn lọ. Abẹ́òkúta gba orúkọ rẹ̀ lára àpáta. Orí òkè àpáta ni àwọn ará Ìdànrè tẹ̀dó sí fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Ọlọ́súnta ni ó ń kí àlejò kí onílé tó kí i. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ti gun àpáta, ó ti sá láfún sórí rẹ̀, ó sì mọ àkókò tí ojú àpáta máa ń jó ni lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa láti kàwé gba ìwé-ẹ̀rí NCE, gbogbo ohun tí ó lè sọ fún wa nípa àpáta kò ju orúkọ oríṣi mẹ́ta tí ó ti há sórí. Bí a bá fi erùpẹ̀ bo òkúta akọ kan àti àfọ́kù kọnkéré kan, tí a kó méjèèjì lé e lọ́wọ́, kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ọ̀nà náà kò sì ṣòro. Fi okùn so òkúta náà kọ́ òṣùwọ̀n onísípíríǹgì, wọ̀n ọ́n, kí o sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ó rì sínú korobá omi. Bí ó bá wọn gíráàmù 540 lófuurufú, tí ó wá wọn 340 nínú omi, a jẹ́ pé omi ti bá wa gbé 200. Pín 540 sí ọ̀nà 200, yóò fún ọ ní 2.7. Iye yìí gan-an ni òkúta akọ máa ń sún mọ́. Kọnkéré kì í sábà ju 2.4 lọ. Ìlànà Archimedes nìyẹn, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kọ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ó wà ní girama, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ó ṣeé lò fún òkúta ẹ̀yìnkùlé. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, físíìsì wà ní ojú-ewé kan, àpáta wà ní òmíràn, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ rí.

Kí a má baà máa sọ̀rọ̀ lófuurufú, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín, ìyẹn bí àpáta ṣe ń bó. A yàn án nítorí pé kò sí ìwé tí kò sí nínú rẹ̀. Mo sì ní ìdí mìíràn láti yàn án.

Ohun tí mo ṣe

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ṣe àbójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ nípa ìjẹrà àpáta. Ó kó wọn jáde lọ sí ìdí àpáta kan tí ó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà, níbi tí ìpele kan ti là kúrò lára èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ọwọ́ sì lè wọ àárín wọn. Ó ń ṣe àlàyé ìwé fún wọn bí ó ti yẹ: oòrùn a mú kí ojú àpáta fẹ̀ lọ́sàn-án, òtútù a mú kí ó súnkì lóru, títí ojú náà yóò fi bó. Ni ọmọkùnrin kan tí ó ti wọ abẹ́ ìpele náà bá nawọ́ sókè láti inú òjìji. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, oòrùn kì í dé abẹ́ ibí yìí. Ó tutù. Kí ló wá bó o?"

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò bá a wí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ìbéèrè náà dára, ó sì ní kí wọ́n wọn bí ìpele náà ṣe nípọn tó. Wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó lé ní ogójì sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n fi èékánná ha ojú àpáta tí oòrùn ń pa, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ha abẹ́ rẹ̀ tí ó wà nínú òjìji tí omi òjò ti ń sun, ó ń wó sílẹ̀ bí gààrí. Nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, ó kọ ọ́ sí pátákó pé àlàyé ìwé kò tíì tó.

Èmi ni mo jókòó lẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùkọ́ náà yà kúrò lórí ìlapa iṣẹ́ rẹ̀, pé ó fi ohun tí ó wà nínú ìwé sílẹ̀, àti pé ó jẹ́ kí ọmọ kíláàsì darí ẹ̀kọ́. Máàkì tí mo fún un kò dára. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀yin náà wo abẹ́ rẹ̀?" N kò wò ó. Mo sọ fún un pé ìdánwò kò ní bi í léèrè ohun tí ó wà lábẹ́ àpáta.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wá padà lọ ka ohun tí ó yẹ kí n ti kà tẹ́lẹ̀ ni ó di iṣẹ́ yìí.

Àlàyé ìwé àti ibi tí ó ti wá

A gbọ́dọ̀ gbà pé àlàyé náà dùn-ún gbọ́. Àpáta kì í gbé ooru kọjá kíákíá, nítorí náà ojú rẹ̀ yóò gbóná nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ohun tí ó gbóná ń fẹ̀, ohun tí ó tutù ń súnkì. Bí fífẹ̀ àti sísúnkì bá pọ̀ jù, ojú yóò là kúrò lára inú. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ òtítọ́ nínú físíìsì. Nítorí náà ni kò fi sí ẹni tí ó bi í pé, báwo ni fífẹ̀ náà ti pọ̀ tó? Báwo ni ooru náà ti jìn tó? Físíìsì tí kò ní iye nínú, ìtàn ni.

Ilẹ̀ aṣálẹ̀ ni wọ́n ti gbé àlàyé náà wá, níbi tí ọ̀sán ti ń jó tí òru sì ń tutù gan-an. Ṣùgbọ́n ní aṣálẹ̀ pàápàá, ẹni tí ó bá fojú wò ó dáadáa kò gbà á. Ní ọdún 1916, Barton tẹ ohun tí ó ṣàkíyèsí lára àwọn òkúta akọ àtijọ́ ilẹ̀ Íjíbítì jáde: ibi tí òjìji wà, tí ọ̀rinrin sì ń dé, ni òkúta ti jẹrà jù, kì í ṣe ibi tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́. Kò lo ẹ̀rọ kankan. Ó kàn rìn yí àwọn òkúta náà ká ni. Ohun tí ó rí kò yàtọ̀ sí ohun tí ọmọkùnrin ìjọ́sí rí lábẹ́ àpáta ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́.

Blackwelder ta ko àlàyé ooru náà ní ọdún 1933, lẹ́yìn tí ó ti fi òkúta sínú ooru tí ó ju ti oòrùn lọ fíìfíì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì là. Ní ọdún 1936 ni Griggs wá ṣe èyí tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Ó mú òkúta akọ kan tí a ti dán ojú rẹ̀, ó ń mú un gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń mú un tutù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyàtọ̀ ìgbóná àti ìtutù náà sì tó nǹkan bí 110°C. Ìgbà 89,400 ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá ka ìgbà kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ kan, ọdún 244 nìyẹn. Ó gbé ojú òkúta náà sábẹ́ awò amúǹkan-tóbi, kò rí ìlà kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi omi rọ́pò afẹ́fẹ́ tí ó fi ń mú un tutù. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, tí ó dúró fún nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀, tí ojú òkúta náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí ó sì ń sán.

Omi ni, kì í ṣe ooru nìkan. Hóró funfun tàbí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó pọ̀ jù lára òkúta akọ máa ń di amọ̀ bí omi bá bá a gbé pẹ́. Amọ̀ tí àwọn amọ̀kòkò wa ń wà, irú àpáta bẹ́ẹ̀ tí ó ti jẹrà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá amọ̀kòkò kò ní sọ pé oòrùn ni ó ṣe amọ̀.

Ìṣirò tí a lè ṣe lórí pátákó

Ẹ jẹ́ kí a wá fi iye sí ọ̀rọ̀ ooru. Bí ojú àpáta bá gbóná ju ti òru lọ pẹ̀lú 30°C, òkúta akọ tí ó gùn ní mítà kan yóò fẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà. Èyí kéré, ṣùgbọ́n a kò lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó jù ú lọ ni bí ooru náà ti wọlé tó.

Ẹni tí ó bá ti sùn nínú ilé alámọ̀ mọ ìdáhùn náà kí ó tó mọ ìṣirò rẹ̀. Lọ́sàn-án, inú ilé tutù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí ìta ti tutù, ògiri náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ooru ọ̀sán wọlé ni. Ooru a máa pẹ́ lọ́nà, bí ó sì ṣe ń wọlé ni ó ń rẹlẹ̀. Nínú òkúta akọ, ìṣirò fi hàn pé bí a bá jìn dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18, ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru á ti dín kù sí ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, yóò sì ti fi nǹkan bí wákàtí mẹ́rin pẹ́ sí ti òkè. Bí a bá tún jìn ní ìlọ́po méjì, ó ti di ìdá kan nínú méje. Bí a bá dé sẹ̀ǹtímítà 54, ó kù ìdá kan nínú 20. Ìyẹn ni pé 30°C ti òkè ti di 11°C, ó ti di 4°C, ó sì ti wá di 1.5°C.

Ìpele tí àwọn ọmọ ìjọ́sí wọ̀n lé ní ogójì sẹ̀ǹtímítà. Àwọn ìpele kan wà lára òkè Ìdànrè àti irú wọn tí ó nípọn ju ènìyàn lọ. Ooru ọjọ́ kan kò dé ìdí wọn rárá, kí á tó wá sọ pé ó bó wọn. Ọmọ girama tí ó bá mọ ìsọdipúpọ̀ lè rí èyí fúnra rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe oòrùn, kí ni? Òkúta akọ irú ti Ìdànrè, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, kò tutù ní ojú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó dì. Òjò àti ẹ̀gbàrá ni ó wú ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò títí ó fi yọrí. Kìlómítà kan péré nínú ohun tí ó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, lórí àyè tí ó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, wọn tó tọ́ọ̀nù 2,700. Bí ọkọ̀ tírélà kan bá ru ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù, ẹrù tírélà 90 nìyẹn lórí ẹní kékeré kan. Gilbert ti rò ó ní ọdún 1904, nígbà tí ó ń wo àwọn òkè rogodo ilẹ̀ Kalifóníà, pé gbígbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kúrò lórí àpáta ni ó ń jẹ́ kí ó là ní ìpele-ìpele.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó mọ àlàyé yìí a máa fi fóòmù ibùsùn ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀: tẹ̀ ẹ́, fi í sílẹ̀, yóò wú padà. Àpẹẹrẹ náà dára ṣùgbọ́n kò dé òpin, nítorí pé wíwú nìkan kò sọ ìdí tí ìpele fi ń tẹ̀lé ìrísí òkè, tí ó rí rogodo níbi tí òkè bá rí rogodo. Àlàyé tí Martel ṣe ní ọdún 2006 ni ó kún ibẹ̀ jù. Níbi tí òkè bá tẹ̀ kọdọrọ, tí àpáta sì ń ti ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, agbára kan a máa fa ojú rẹ̀ sókè, kúrò lára inú. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹ tẹ́ ẹ lórí tábìlì, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì ti etí rẹ̀ sínú díẹ̀díẹ̀ kí ó lè tẹ̀ sókè. Ojú-ewé òkè yóò yọ kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Ọmọ kíláàsì tí ó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀, kò sì ná olùkọ́ ní kọ́bọ̀.

Iná àwọn afọ́kùúta

Àwọn kan yóò ní, ṣé a kò rí àwọn afọ́kùúta ni? Ìbéèrè náà tọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn tí ń fọ́ òkúta tà máa ń sun igi tàbí táyà ògbólógbòó lórí àpáta, kò sì ní pẹ́ tí àpáta náà yóò fi dún, tí ìpele kan yóò sì là sókè tí wọ́n á fi òòlù fọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ ju ẹyọ kan lọ pé ẹ̀rí tí ó dájú nìyẹn pé ooru ń bó àpáta.

Ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí fún iná. Iná táyà a máa mú ojú àpáta gbóná dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígírì láàárín àkókò kúkúrú, nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù bí omi àmù. Hóró tí ó rí bí awo gíláàsì nínú òkúta akọ sì ní ìwà kan: bí ó bá dé 573°C, ètò inú rẹ̀ a yí padà, a sì wú lójijì. Oòrùn kò lè mú àpáta dé ìdajì ìdajì ibẹ̀. Bí a bá wá wo ìpele tí iná là, a ó rí i pé tínrín ni, bí àwo tàbí bí àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe bí ògiri. Ìwọ̀n yìí bá ìṣirò wa mu, nítorí pé ooru tí kò pẹ́ lórí àpáta kò lè jìn. Afọ́kùúta mọ èyí dáadáa. Ó mọ iye iná tí ó lè là á, ó sì mọ̀ pé òun kò lè fi oòrùn rọ́pò táyà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ta ni yóò máa fa èéfín olóró sínú nítorí owó òkúta?

Síbẹ̀ a kò gbọ́dọ̀ ti ọ̀kan ṣubú nítorí kí òmíràn lè dúró. Ní ọdún 2016, Collins àti Stock tẹ àbájáde ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ní Yosemite ní Amẹ́ríkà jáde. Ìpele àpáta tínrín kan tí ó ti là kúrò lára òkè tẹ́lẹ̀ ń ṣí síta lọ́sàn-án, ó sì ń padà lóru, débi pé àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan yí padà lójúmọ́, ó sì ń là síwájú sí i díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní Twain Harte, ní Kalifóníà kan náà, àpáta rogodo kan là gbàmù lójú àwọn ènìyàn nínú ooru ọ̀sán, wọ́n sì ya fídíò rẹ̀. Nítorí náà, oòrùn ní ipa tirẹ̀. Ó lè parí ohun tí ẹrù àti ìrísí òkè ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá níbi tí ìpele náà bá ti tín-ín-rín tó kí ooru ọjọ́ kan lè là á já. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ohun tí a ń dà kọ sí pátákó.

Ìkogòsì àti ìka ọwọ́

Àìsàn kan náà wà nínú bí a ṣe ń kọ́ nípa omi gbígbóná Ìkogòsì-Èkìtì, a ó sì fi ẹnu bà á díẹ̀. Àwọn ìwé ìpolówó ibi ìgbafẹ́ kan kọ ọ́ pé omi náà gbóná dé 70°C, àwọn olùkọ́ kan sì ń fi kún un pé òkè ayọnáyèéfín kan ni ó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń wẹ̀ nínú omi náà. Omi tí ó bá gbóná dé 70°C kò ṣeé wẹ̀, awọ ara ni yóò bó. Iye tí àwọn onímọ̀ wọ̀n ní ojú ìsun náà sún mọ́ 38°C, bíi ara ẹni tí ibà ń ṣe díẹ̀.

Bí a bá ti ní 38°C lọ́wọ́, a kò nílò òkè ayọnáyèéfín mọ́. Nínú ilẹ̀, ìgbóná a máa fi nǹkan bí 25°C lé sí i fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan lápapọ̀ láyé. Bí omi òjò bá wọlẹ̀ ní 25°C, ìyàtọ̀ 13°C ni ó kù, ó sì tó kí omi náà ti inú pàlàpálá àpáta lọ sísàlẹ̀ ní ìdajì kìlómítà kí ó tó padà wá sókè. Lórí àpáta àtijọ́ bíi tiwa, tí ìgbóná abẹ́ ilẹ̀ kì í tètè lé sí i, yóò jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́mómítà kan àti pípín kan ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí físíìsì náà ṣìnà

Kí olùkọ́ físíìsì tí ń ka ìwé yìí má baà yọ̀ jù, ó yẹ kí a rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ayé. Ní ọdún 1862, William Thomson, tí wọ́n wá ń pè ní Lord Kelvin, fi ìṣirò bí ooru ṣe ń jáde kúrò nínú ilẹ̀ sọ pé ayé kò lè kéré ju 20 mílíọ̀nù ọdún, kò sì lè ju 400 mílíọ̀nù lọ. Àwọn tí ń fojú wo ìpele àpáta rí i pé àkókò náà kéré, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìṣirò tí wọ́n lè fi dá a lóhùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì panu mọ́. Ọdún 1895 ni John Perry, tí ó ti ṣe igbákejì Kelvin lẹ́nu iṣẹ́ rí, tó fi hàn pé bí inú ayé bá ń gbé ooru kiri ju bí Kelvin ṣe rò lọ, gbogbo iye náà yóò yí padà. Lónìí, a mọ̀ pé ayé ti tó bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún. Ìṣirò Kelvin kò ní àṣìṣe. Ohun tí ó gbà láìwò ni ó ṣì í lọ́nà. Ojú àwọn tí wọ́n ń wo àpáta ti rí i ṣáájú.

Ọmọkùnrin tí ó wà lábẹ́ ìpele àpáta náà kò mọ físíìsì tí ó lè fi dá ìwé lóhùn. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ibẹ̀ tutù. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fún un ní ìṣirò tí yóò fi ti ojú rẹ̀ lẹ́yìn, bí ojú rẹ̀ bá tọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè, àti fọ́ọ̀mù wa

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ti lo agbára lórí wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ òyìnbó, iṣẹ́ ńlá sì ni. Àríwísí tí mo ní ni pé a tètè máa ń dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde. Nínú kíláàsì, mo ti gbọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ó dá lórí ojú-ọjọ́ túmọ̀ ohun tí mo pè ní ìjẹrà níhìn-ín, nítorí pé ojú-ọjọ́ ni òyìnbó fi sọ ọ́. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́, òkè ni yóò máa wò. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìjẹrà yóò wo ibi tí nǹkan ti ń jẹrà, ìyẹn ibi ọ̀rinrin, nítorí pé ó ti mọ bí igi àti iṣu ṣe ń jẹrà. Èdè wa ti ní àpáta, òkúta, akọ òkúta, yangí, iyanrìn, amọ̀. Àwọn tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fi ọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n lọ ata lórí wọn, wọ́n sì fi wọ́n mọ ilé.

Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa jù ni fọ́ọ̀mù tí a fi ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́jọ́ lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni. Lórí èyí tí mo lò lọ́jọ́ náà, àyè wà fún aṣọ olùkọ́, fún bí ó ṣe ń kọ̀wé sí pátákó, fún bí ó ṣe tẹ̀lé ìlapa iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí àyè kan tí ó bèèrè bóyá àwọn ọmọ wọn nǹkan kan, tàbí bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn bèèrè ohun tí ìwé kò sọ. Mo ti gbé àbá méjèèjì lọ sí ìpàdé ẹ̀ka wa, wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tún fọ́ọ̀mù tẹ̀.

Ní báyìí ná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àti èmi ti ní kí àwọn afọ́kùúta bá wa gbẹ́ ihò mẹ́ta sára àpáta kan tí kò jìnnà sí ọgbà wa, ọ̀kan jìn ní sẹ̀ǹtímítà 5, èkejì 18, ẹ̀kẹta 36. A ó fi tẹ́mómítà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó dí ẹnu wọn, a ó sì máa kà wọ́n ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fún oṣù kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ìjọ́sí, tí ó ti di olùkọ́ báyìí, ni mo kọ̀wé sí pé kí ó kó kíláàsì rẹ̀ wá ka ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó fèsì pé àwọn yóò wá, ó sì bèèrè bóyá a ti gbẹ́ ọ̀kan sínú òjìji.